Ìbọ̀wọ́ Òṣùpá Tí Mo Fọ̀, Tí Mo Sì Lọ̀

Kò-tú ni wọ́n ń pè mí ní àdúgbò, èmi fúnra mi ni mo sì sọ ara mi lórúkọ náà. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Ẹnikẹ́ni tó bá wá gba aṣọ lọ́dọ̀ mi, kí n tó gbé e fún un, màá fi ọwọ́ méjèèjì di ojú ibi tí mo rán mú, màá fà á títí iṣan ọrùn mi á fi yọ, màá wá ní, "Ṣé ẹ rí i? Kò tú!" Mo sọ ọ́ sọ ọ́ títí àwọn èèyàn fi gbàgbé orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Ìyàwó mi ní bó bá jẹ́ tòun ni, Kò-dákẹ́ ni òun ì bá sọ mí.

Télọ̀ ni mí, télọ̀ ni mo sì máa jẹ́ títí abẹ́rẹ́ á fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣọ́ọ̀bù mi kò tóbi. Bí kọ́sítọ́mà méjì bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, mo ní láti dìde dúró kí wọ́n tó lè ríbi yí padà. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan wà níbẹ̀, àti tábìlì kan tí mo ká páálí sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, àti dígí gígùn kan tó máa ń sọ oníkùn ńlá di tẹ́ẹ́rẹ́. Dígí yẹn ti bá mi ta aṣọ ju ọwọ́ mi lọ. Áyọ́ọ̀nù mi ló kù, tí kì í tutù láti àárọ̀ títí mo fi máa ti ilẹ̀kùn, torí nínú iṣẹ́ wa, a kì í gbé aṣọ fún aláṣọ láìlọ̀ ọ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní aṣọ tí a kò lọ̀ dà bí ẹni tó jí tó jáde láìbọ́jú. Ó fa etí mi lé ọ̀rọ̀ náà, mi ò sì gbàgbé rẹ̀ rí. Ká ní mo gbàgbé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré ni, ojú mi ì bá má rí ohun tó rí.

Ohun tí mo wá fi ń yangàn jù ni ìṣẹ́po mi. Bí télọ̀ mìíràn bá fẹ́ so aṣọ méjì pọ̀, á kàn gbé wọn léra, á rán an, ó parí. Èmi kọ́. Màá ṣẹ́ etí ọ̀kan sínú èkejì, màá tún ṣẹ́ méjèèjì papọ̀, màá wá rán an ní ìlà méjì. Ẹ lè fi fa mọ́tò. Mo sọ fún kọ́sítọ́mà kan pé ṣòkòtò tí mo rán fún un, aṣọ rẹ̀ á gbó, òun náà á gbó, ìṣẹ́po á ṣì wà níbẹ̀. Inú rẹ̀ kò dùn sí i tó bí mo ṣe rò.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún èmi àti ìyàwó mi, obìnrin ni, abẹ́ tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú yẹn ló sì ti kọ́ ìwé kíkà. Ó kàwé títí ó fi dé ibi tí mi ò lè bá a dé. Lọ́jọ́ tó sọ fún mi pé erùpẹ̀ òṣùpá ni òun fẹ́ fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì, mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Erùpẹ̀ tó wà níwájú ilé yìí ńkọ́, ta ló gbá a tán?" Àmọ́ kó tó di ọ̀sán, mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ní òṣùpá. Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi bi mí bóyá ó máa ń wálé ní òpin ọ̀sẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo kọ́kọ́ rò pé ilẹ̀ òṣùpá gan-an ló wà nínú ike tó ń gbé kiri. Ó ní rárá o, pé èyí tí wọ́n bù wá láti ibẹ̀ kò pọ̀ láyé, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ bí ẹyin ojú. Ayédèrú rẹ̀ ni tàwọn: òkúta tó ti inú òkè oníná jáde ni wọ́n máa ń fọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, títí á fi jọ ti òkè lọ́hùn-ún. Mo pariwo. "Ayédèrú! Gbogbo abẹ́rẹ́ tó gún mi lọ́wọ́ nítorí ìwé rẹ, ayédèrú lo lọ kọ́!" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó wá jókòó sórí àga kọ́sítọ́mà, ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní níbí, afẹ́fẹ́ àti òjò máa ń yí iyanrìn kiri títí ara rẹ̀ á fi dán. Òṣùpá kò ní afẹ́fẹ́, kò ní òjò; bí òkúta bá fọ́ níbẹ̀, bó ṣe fọ́ náà ló ṣe máa wà, ẹnu rẹ̀ á mú bíi ti ìgò tó fọ́. Àwọn onímọ̀ fẹ́ fi erùpẹ̀ yẹn ṣe búlọ́ọ̀kù tí wọ́n á fi kọ́lé síbẹ̀. Wọ́n fẹ́ yọ irin látinú rẹ̀, wọ́n tiẹ̀ fẹ́ yọ afẹ́fẹ́ tí èèyàn lè máa mí.

"Àmọ́ ọwọ́ ni wọ́n máa fi ṣe gbogbo rẹ̀, Bàámi," ó ní, "ọwọ́ yẹn sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìbọ̀wọ́. Erùpẹ̀ yẹn ń jẹ aṣọ. Bí ìbọ̀wọ́ bá ya mọ́ èèyàn lọ́wọ́ lọ́hùn-ún, ẹni náà ti kú nìyẹn."

Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti wá ibi tí eruku náà ti ń kọ́kọ́ ba ìbọ̀wọ́ jẹ́, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ohun tí wọ́n máa yẹra fún. Ó ní kí n bá òun rán èyí tí òun máa fi dán an wò. Aṣọ náà nípọn, ìpele lórí ìpele, ẹ̀rọ kò lè gún un. Ọwọ́ ni wọ́n máa fi rán an. Mo bi í pé báwo ló ṣe fẹ́ ẹ. "Ẹ rán an bí ẹ ṣe máa ń rán èyí tó dára jù," ó ní. Ẹ ò mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún mi. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo dá àwọn kọ́sítọ́mà padà, mo fi ìṣẹ́po mi sí gbogbo ìka ìbọ̀wọ́ náà yí ká. Ọwọ́ mi wú. Nígbà tí mo parí, mo fà á lójú ọmọ mi, mo ní, "Kò tú!" Ó gbà á, ó lọ fi wọ ọwọ́ irin kan nínú àpótí onígíláàsì ní yunifásítì, àpótí tó kún fún ayédèrú erùpẹ̀. Ọwọ́ irin náà ń di, ó ń là, ó ń gbo erùpẹ̀, ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ ìbọ̀wọ́ náà jáde, ọmọ mi ń gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ kan ní òdìkejì ìlú, níbi tí ẹ̀rọ awò ńlá kan wà, èyí tó lè sọ ẹyọ iyanrìn kan di òkè. Ilé wa wà lójú ọ̀nà. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ló bá yà. Ó gbé ìbọ̀wọ́ náà sórí tábìlì pálọ̀ nínú àpò ọ̀rá, ó ní, "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan yìí o," ó bá wọ yàrá lọ sinmi. Ó sọ ọ́. Mo gbọ́. Mo kàn rò pé "ẹnikẹ́ni" kò kan èmi tí mo rán an ni.

Mo wo ìbọ̀wọ́ náà. Háà! Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Eruku ti di gbogbo ojú ìṣẹ́po mi pa, ẹ ò lè rí ìlà òwú kan ṣoṣo. Mo wá rò ó pé ohun tí àwọn àjèjì fẹ́ fi ẹ̀rọ wò rèé. Wọ́n á sọ ọ́ di ńlá. Wọ́n á ní, "Ta ni ọ̀bùn tó rán èyí?" Ọmọ mi á sì dáhùn. Ara mi kò gbà á. Mo gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, mo bu omi, mo fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ìka kọ̀ọ̀kan, inú ìṣẹ́po gan-an ni mo sì gbájú mọ́ jù. Mo sá a sóòrùn. Mo wá lọ̀ ọ́. Mo lọ̀ ọ́ débi pé àtàǹpàkò rẹ̀ ní ojú ìlọ̀ tó gún régé. Mo dá a padà sínú àpò ọ̀rá rẹ̀. Mo tiẹ̀ tún bá wọn nu àpò náà.

Nígbà tí ọmọ mi jí, tó rí i, kò pariwo. Ó gbé àpò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó yí i, ó tún un yí.

"Bàámi, kí lẹ ṣe?"

"Mo bá ọ tún un ṣe ni," mo ní, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń retí ọpẹ́.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ìdọ̀tí yẹn niṣẹ́ mi," ó ní. "Ibi tó wà, bó ṣe wọlé tó, bó ṣe gé òwú. Ìdọ̀tí yẹn ni mo fẹ́ lọ wò. Ẹ ti fọ̀ ọ́ dànù."

Ìyàwó mi yọjú láti ilé ìdáná. "Ọkọ mi," ó ní, "aṣọ tèmi tó wà nínú agbọ̀n láti ọjọ́ yìí ńkọ́? Òṣùpá lẹ rí fọ̀?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú ọmọ mi kò gba ẹ̀rín. Yunifásítì ti sún ọjọ́ ìdánwò tó máa fi gba oyè náà síwájú fún un rí, nígbà tí àpótí yẹn bàjẹ́, wọ́n sì ti sọ pé àwọn ò ní sún un mọ́. Bí kò bá ní nǹkan kan láti fi han àwọn olùyẹ̀wò lọ́jọ́ náà, gbogbo ọdún tó ti lò nídìí rẹ̀ wọmi. Omi ọṣẹ bàbá rẹ̀ ló sì wọ̀. Mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Ìyàwó mi fọwọ́ kàn mí níwájú orí bóyá ara mi gbóná.

Ọmọ mi ló kọ́kọ́ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní bí mo bá tètè rán òmíràn, àpótí á ráàyè ṣe é kí ọjọ́ ìdánwò tó pé. Kò ní gbó tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó lè tó.

"Àmọ́ gẹ́lẹ́ bíi ti àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ rán an, Bàámi. Ẹ má tún nǹkan kan ṣe sí i."

"Kí ló dé? Mo lè rán èyí tó dára jù ú lọ."

Ó wolẹ̀. "Kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́, mo ti fi awò ọwọ́ wò ó díẹ̀. Ó dà bíi pé inú ìṣẹ́po yín ni eruku ń kó sí. Ó ń wọ ibi tẹ́ ẹ ṣẹ́, kò rọ́nà jáde, ó wá ń gé òwú láti inú."

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú bí mi. Mo ní ìṣẹ́po wo? Ìṣẹ́po tó rán ọ nílé ìwé? Ìṣẹ́po tí gbogbo àdúgbò fi ń jókòó láìfòyà? Mo ní àwọn tó ń lọ sókè yẹn ni kò mọ aṣọ lò. Ó jẹ́ kí n sọ tán. "Mi ò tíì mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Ìdí tí mo fi fẹ́ wò ó nìyẹn." Ó gbé aṣọ náà sórí tábìlì mi, ó lọ.

Ẹ wá wò mí nígbà tó lọ tán. Èrò burúkú kan ń sọ sí mi létí pé: rán an bí àwọn télọ̀ yòókù ṣe ń rán, gbé e léra, gún un, ta ló máa mọ̀? Eruku ò ní ríbi kó sí, orúkọ rẹ ò sì ní bàjẹ́. Mo rán ìka àkọ́kọ́ bẹ́ẹ̀. Ó rẹwà. Mo gbójú sókè, mo rí ara mi nínú dígí òpùrọ́ yẹn, mo rí tẹ́ẹ́rẹ́, mo rí bí ọ̀dọ́. Ojú tì mí. Bí mo bá rán an bẹ́ẹ̀, ohun tí kì í ṣe òótọ́ ni ọmọ mi máa lọ sọ níwájú àwọn olùyẹ̀wò, ẹlòmíì sì lè torí ẹ̀ wọ ìṣẹ́po bíi tèmi lọ síbi tí kò ti sí afẹ́fẹ́. Mo mú bíléèdì, èmi Kò-tú, mo tú u. Mo tún bẹ̀rẹ̀, mo ṣẹ́ ẹ, mo rán an ní ìlà méjì.

Ọwọ́ irin tún gbo ìbọ̀wọ́ kejì yìí nínú àpótí. Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, ọmọ mi ní, "Bàámi, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu láti wá." Ó dùn mí wọra. Mo rò pé torí bàbá rẹ̀ ò kàwé ni. Ìyàwó mi ló là mí lójú.

"Ojú yín ló ń sá fún," ó ní. "Ìṣẹ́po yín ni eruku jẹ, ó ti rí i nínú ẹ̀rọ awò. Báwo lọmọ á ṣe dúró láàárín èrò, tí á ní iṣẹ́ ọwọ́ bàbá òun ò dáa, tí bàbá ọ̀hún á jókòó síbẹ̀, tí á máa wò ó?"

"Mi ò ní lọ," mo ní.

Mo lọ. Ẹ ti mọ̀ mí báyìí. Mo wọ kóòtù tó dára jù tí mo ní, tó ní ìṣẹ́po níbi gbogbo, mo lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá, lẹ́yìn ọkùnrin kan tó sanra, kí ọmọ mi má bàa rí mi. Iyàrá náà tóbi, àga ibẹ̀ sì ń dún bí èèyàn bá mira díẹ̀. Àwọn olùyẹ̀wò jókòó níwájú. Ìyá àgbàlagbà kan tó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́rùn ni olórí wọn. Ọmọ mi ń sọ̀rọ̀ bí omi tó ń ṣàn. Ó sọ nípa erùpẹ̀, ó sọ nípa àpótí, ó sọ bí aṣọ ṣe fara dà á tó. Orí mi wú. Ó wá gbé àwòrán kan sára ògiri. Ìṣẹ́po mi ni. Ó tóbi tó ilẹ̀kùn. Eruku kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, òwú mi já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ohun tí eku jẹ. Mo na ọrùn kí n lè rí i dáadáa, ìgbà yẹn gan-an ni ọkùnrin tó sanra náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè mú bírò rẹ̀ nílẹ̀. Ojú èmi àti ọmọ mi ṣe mẹ́rin.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ há a lẹ́nu. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ aṣọ ló kọ́kọ́ yẹ̀. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òwú. Ó ní ó tiẹ̀ lè jẹ́ ọwọ́ irin ló fà á. Ìyá àgbàlagbà náà gbé awò rẹ̀ sójú.

"Ohun tó o wá wádìí gan-an nìyí," ó ní. "Kí ló kọ́kọ́ bàjẹ́? Aṣọ ni, òwú ni, àbí ojú rírán?"

Ọmọ mi kọjú sí àwòrán náà.

"Bí o kò bá mọ̀, sọ pé o kò mọ̀, ká lè mọ ohun tí a máa ṣe."

Ó mọ̀. Mo mọ̀ pé ó mọ̀. Ó fẹ́ tìtorí ojú bàbá rẹ̀ sọ iṣẹ́ gbogbo ọdún wọ̀nyẹn nù. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Àga mi dún gbàà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́po ni," mo ní.

Gbogbo iyàrá yíjú padà. Ìyá náà ní, "Bàbá, ta ni yín?"

"Èmi ni mo rán an. Èmi náà ni mo fọ ti àkọ́kọ́. Ọmọ mi ni, ma. Àṣírí mi ló ń bò."

"Bàbá, ìdánwò yín kọ́ nìyí. Ẹ jókòó."

"Mo ti ń jókòó, ma," mo ní, àmọ́ mi ò jókòó. Ọmọ mi ni mo kọjú sí. "Wò mí. Ohun tó wà lára ògiri yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, ó sì tú. Inú ò ní bí mi. Sọ ọ́ fún wọn."

Ó nu ojú rẹ̀. Ó mú ọ̀pá tó fi ń tọ́ka, ó fi kan àárín ìṣẹ́po mi, ó ní, "Ojú rírán ni." Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ̀n, lẹ́yìn náà kò gbọ̀n mọ́. Ó sọ bí eruku ṣe ń wọ ibi tí wọ́n ṣẹ́, bó ṣe ń gé òwú láti inú tí ẹni tó wọ̀ ọ́ kò ní mọ̀, àti ìdí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fi irú rẹ̀ rán ohun tó máa kan ilẹ̀ òṣùpá láéláé. Láéláé! Mo rò pé ìyẹn ti pọ̀ jù díẹ̀. Mo jókòó, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, ọkùnrin tó sanra náà sì na áńkáṣíìfù rẹ̀ sí mi. Wọn ò ṣẹ́ etí rẹ̀ dáadáa.

Wọ́n fún un ní oyè náà. Mo tọrọ àwòrán yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. Bí kọ́sítọ́mà bá bi mí, màá ní iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, ó sì tú. Onígbàjámọ̀ wò ó títí, ó ní kí n ṣáà fi ìṣẹ́po náà sí ṣòkòtò òun, pé òun ò ní ìrìn-àjò kankan ní òṣùpá.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi tún gbé aṣọ tó nípọn wá. Ó ní ìbọ̀wọ́ tuntun ni, kò gbọ́dọ̀ ní ìṣẹ́po, kí n rán an pẹlẹbẹ. Mo rán an bó ṣe ní kí n rán an. Nígbà tó wá gbà á, ìbọ̀wọ́ náà wà lórí tábìlì níwájú mi, ó rún wúruwùru, áyọ́ọ̀nù sì ń gbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi ti ń lọ. Ọmọ mi wo ọwọ́ náà. Mo fà á padà, mo tì í bọ àpò. Mo ní kó gbé e bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń ránṣọ, òun ni aṣọ àkọ́kọ́ tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi láìbọ́jú.